Ìjì tí wọ́n ní ó ti kú ló jí padà, ló bá sọ ìlú Houston di odò

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé atẹ́gùn tó gba orí ilẹ̀ Áfíríkà níbí kọjá, tó fi òjò àti ààrá dẹ́rù ba àwọn àgbẹ̀ wa, òun kan náà ló máa dé Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò máa ṣí òrùlé onílé, tí yóò sì máa gbé mọ́tò olówó ńlá lọ bí ìgbà tí àgbàrá bá ń gbé bàtà ọmọdé, ẹ lè ní onítọ̀hún ti mu nǹkan yó ni. Ṣùgbọ́n kò mutí o, òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìjì kan tí wọ́n ń pè ní Harvey ṣe rí lọ́dún 2017. Áfíríkà níbí ló ti gbéra. Wọ́n ń ṣọ́ ọ bọ̀ lójú òkun, ìgbà tó ṣe, wọ́n ní ó ti kú, àfi bó ṣe jí padà. Nígbà tó sì máa fi ìpínlẹ̀ Texas sílẹ̀, ó ti pa èèyàn 68, dúkìá tó bàjẹ́ sì tó bílíọ̀nù 125 owó dọ́là.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá kò ṣòro láti mọ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí tó Texas, Houston sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe ibùjókòó. Àwọn nọ́ọ̀sì wa wà níbẹ̀, àwọn dókítà wa wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ àti pọ̀ǹmọ́ náà kò gbẹ́yìn, ká má tíì sọ ti àwọn pásítọ̀ àti lemọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston lọ́dún náà kò ní í gbàgbé ọ̀sẹ̀ tó parí oṣù kẹjọ yẹn láéláé. Ìyá ń pe ọmọ, fóònù kò wọlé. Wọ́n tan tẹlifíṣàn, omi ni wọ́n ń rí, omi lọ súà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lásìkò òjò, ooru aṣálẹ̀ Sàhárà lókè lọ́hùn-ún àti afẹ́fẹ́ tó tutù tó ń wá láti etí òkun wa kì í rẹ́. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń mú kí atẹ́gùn òkè máa fì bí okùn tí ọmọdé ń gbọ̀n, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń ti apá ìlà oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Bó ṣe ń fì bọ̀ yẹn ló ń kó òjò àti ààrá dání, tó fi máa gba orí ilẹ̀ wa kọjá, tó fi máa dé Senegal, tó sì máa bọ́ sórí òkun Àtìláńtíìkì. Bíi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn ni irú ẹ̀ máa ń bọ́ sórí omi, ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í dá wàhálà kankan sílẹ̀, wọ́n á kàn fọ́nká sójú òkun ni.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá kan omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tí ooru rẹ̀ tó 26 tàbí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan ti yí padà nìyẹn. Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná, bí oruku rẹ̀ ṣe ń lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni omi òkun ṣe ń gòkè lọ. Bó bá dé òkè, ó di òjò, ooru tó gbé dání á jáde, ooru náà á tún mú kí afẹ́fẹ́ sáré gòkè sí i, òmíràn á sì ya wọlé láti ẹ̀gbẹ́ láti wá rọ́pò rẹ̀. Nítorí pé ayé ń yí, afẹ́fẹ́ tó ń ya wọlé yìí kò ní í lè rìn gbọọrọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì bí ìgbà tí èèyàn ń ro àmàlà. Ooru òkun ni epo tó ń lò. Bí epo kò bá tán, kò ní í sinmi.

Ẹnì kan lè béèrè pé, họ́wù, bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá, kí ló dé tí kì í jà ní Èkó tàbí Kútọnu? Ìdí méjì ni. Èkíní ni pé ńṣe ló ń sá kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ìgbà tó bá máa fi lágbára, ó ti jìnnà sí wa. Èkejì ni pé àwa sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì ní àárín jù, níbẹ̀, yíyí tí ayé ń yí kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára láti pòòyì afẹ́fẹ́. Ìjì tó máa ń ṣí páànù wa nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, àbúrò ni wọ́n jẹ́ sí èyí tí à ń sọ yìí, wọ́n á jà fún bíi wákàtí kan, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn, kó fi ọjọ́ márùn-ún jà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Láti ọjọ́ tí ìjì bá ti fi etí òkun Áfíríkà sílẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó. Ní ìlú Miami, ìpínlẹ̀ Florida, iléeṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ National Hurricane Center. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ ìjì lọ. Tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run sì ń fi àwòrán ìkùukùu ránṣẹ́ sí wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ síra. Wọ́n ti to orúkọ sílẹ̀ fún ìjì kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, A ló ṣáájú, B ló tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ìjì kan bá ti ń fẹ́ tó máìlì 39 láàárín wákàtí kan, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ tuntun. Bó bá tó máìlì 74, ó ti di hurricane nìyẹn, ìpele márùn-ún ni wọ́n sì pín in sí. Ìpele kẹta sókè ni wọ́n ń pè ní aburú gidi.

Ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, 2017 ni èyí tí à ń sọ yìí kúrò ní etí òkun Áfíríkà. Nígbà tó di ọjọ́ 17, ó ti sún mọ́ erékùṣù Barbados, ó ti ní agbára díẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Harvey. Lọ́jọ́ kejì, ó gba Barbados àti Saint Vincent kọjá, ó rọ òjò díẹ̀ fún wọn, ó wọ òkun Kàríbíà lọ. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú fún un. Atẹ́gùn òkè níbẹ̀ kò jẹ́ kó dúró ṣinṣin, ńṣe ló ń ti orí rẹ̀ sọ́tùn-ún, tó ń ti ìdí rẹ̀ sósì, títí ó fi já. Nígbà tó máa fi di alẹ́ ọjọ́ 19, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní Miami kéde pé Harvey kò sí mọ́, pé ó ti padà di afẹ́fẹ́ tó ń fì lásán. Wọ́n dáwọ́ ìkéde dúró. Àwọn èèyàn Texas kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ olè kì í tìtorí pé ilẹ̀kùn ti pa lọ sùn. Wọ́n kò kúkú mójú kúrò lára rẹ̀. Òkú ìjì náà ń wọ́ lọ, ó gba orí ilẹ̀ Yucatán ní Mẹ́síkò kọjá, ó sì bọ́ sínú òkun Gulf of Mexico. Omi ibẹ̀ lóṣù kẹjọ gbóná bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ ìkókó, atẹ́gùn òkè tó ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 23, Harvey jí. Ìkéde jáde lójú ẹsẹ̀ láti Miami pé kí àwọn ará etí òkun Texas múra, pé ìjì náà lè di hurricane kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, pé omi òkun lè wọ ìgboro, pé òjò tó máa rọ̀ kò ní í kéré. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìjì náà kò tíì ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ara lórí ibùsùn lọ.

Bí wọ́n ṣe ń mọ irú nǹkan báyìí ló yẹ ká sọ. Sátẹ́láìtì ń ríran láti òkè, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ìjì lọ. Èèyàn ló ń wọ ibẹ̀. Ikọ̀ ọmọ ogun òfuurufú kan wà ní ìlú Biloxi, ìpínlẹ̀ Mississippi, tó jẹ́ pé nígbà tí gbogbo bàálù bá ń sá fún ìjì, tiwọn ń lọ pàdé rẹ̀ ni. Wọ́n á wakọ̀ wọ àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní ojú ìjì, wọ́n á jáde lódìkejì, wọ́n á tún yí padà wọ inú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń ju àwọn irinṣẹ́ kéékèèké kan sílẹ̀, tó gùn bí ìgò ọtí, tí agboòrùn kékeré wà lórí rẹ̀ kó má baà já lulẹ̀ kíákíá. Irinṣẹ́ náà á máa wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ tó, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe gbóná tó, á sì máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sínú bàálù títí á fi bọ́ sómi. Bí afẹ́fẹ́ àárín ìjì bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ni ìjì náà ń le sí i. Ohun tí wọ́n rí nínú Harvey ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24, kò dára rárá. Ńṣe ni àárín rẹ̀ ń fúyẹ́ wàràwàrà.

Ẹ sì gbọ́ o, Texas kan náà yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ wakọ̀ òfuurufú wọnú ìjì láyé. Ọjọ́ 27, oṣù keje, 1943 ni, nígbà ogun Hitler. Ọ̀gá sójà kan, Joseph Duckworth, ń kọ́ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní bí wọ́n ṣe ń wa bàálù láìríran síta. Wọ́n ní ńṣe ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi bàálù kékeré tí wọ́n ń lò ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò lè dúró níwájú ìjì. Ni òun náà bá ní kí wọ́n jọ ta tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀, ó sì wa bàálù náà wọ inú ìjì tó ń jà lọ́wọ́ nítòsí Galveston, ó jáde láyọ̀. Tẹ́tẹ́ ọtí ló bí iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn là lónìí.

Gbogbo ohun tí bàálù, sátẹ́láìtì àti ọkọ̀ ojú omi bá kó wá ni wọ́n máa ń dà sínú kọ̀ǹpútà ńlá. Kọ̀ǹpútà náà á ṣírò ibi tí atẹ́gùn yóò ti ìjì náà sí lọ́la, lọ́tunla, títí dé ọjọ́ márùn-ún. Kọ̀ǹpútà kan kọ́ o, wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í dọ́gba. Ọ̀kan á ní apá òsì ni yóò yà sí, òmíràn á ní rárá, apá ọ̀tún ni. Iṣẹ́ onímọ̀ tó jókòó síbẹ̀ ni láti gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, kó sì dá ẹjọ́. Àwòrán tí wọ́n máa wá gbé sórí tẹlifíṣàn dà bí àrọ tí àwọn oníkẹrosíìnì fi ń rọ epo sínú ìgò, ibi tó tín-ín-rín ni ibi tí ìjì wà báyìí, ibi tó fẹ̀ ni ibi tó lè dé lọ́jọ́ mélòó kan sí i. Bí ọjọ́ bá ṣe jìnnà tó ni àrọ náà ń fẹ̀ tó, nítorí àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn èèyàn a máa ṣi àwòrán yìí túmọ̀. Ẹni tó bá rí i pé ilé òun wà lẹ́yìn àrọ á ní òun ti bọ́. Irọ́ ni! Àrọ náà ń sọ ibi tí ọkàn ìjì lè gbà ni, kò sọ ibi tí òjò rẹ̀ máa dé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ya á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀, ọkàn ìjì náà lè jáde síta àrọ.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, Harvey ti di hurricane. Àwọn ará Miami ní yóò ti wọ ìpele kẹta, ó kéré tán, kó tó gúnlẹ̀, wọ́n sì ní òjò tó máa rọ̀ níbòmíràn lè tó ínǹṣì 35. Àwọn ìlú etí òkun bíi Rockport àti Port Aransas pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn kó kúrò. Àwọn kan lọ, àwọn kan ní àwọn kò lọ ibì kankan. Igbákejì olórí ìlú Rockport, Patrick Rios, wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí àyà fi já àwọn èèyàn. Ó ní ẹni tó bá ní dandan òun máa dúró, kó fi yíǹkì tí kì í pa rẹ́ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sí apá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kí wọ́n lè dá òkú rẹ̀ mọ̀ ni.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Fúráìdeè, ọjọ́ 25, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Harvey gúnlẹ̀ sí erékùṣù San José, nítòsí Rockport. Ìpele kẹrin ló wà nígbà náà, máìlì 130 láàárín wákàtí kan ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń wa mọ́tò ní irú eré bẹ́ẹ̀ lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó ní orí ẹ̀ ti dàrú. Ẹ wá fi ojú inú wo odindi afẹ́fẹ́ tó ń sáré bẹ́ẹ̀ lu ògiri ilé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni ìjì tó wà ní ìpele kẹta sókè kò ti gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà, ọdún bíi méjìlá gbáko. Rockport di àkìtàn. Ilé wó, ọkọ̀ ojú omi gorí títì.

Bó bá jẹ́ pé ó kọjá lọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ kò lọ! Atẹ́gùn méjì tó lágbára, ọ̀kan lápá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀kan lápá ìlà oòrùn, ló há a mọ́ àárín, kò síwájú, kò sẹ́yìn. Ó ń rìn bí ìgbín. Ara rẹ̀ kan ṣì wà lórí òkun, níbi tó ti ń fa omi gbígbóná mu, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ sórí Houston àti agbègbè rẹ̀, láti Àbámẹ́ta títí dé Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí, pé àwọn kò lè sọ ibi tí ìpalára rẹ̀ máa dé. Àwọ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán òjò kò tó mọ́, wọ́n ní láti fi àwọ̀ tuntun kún un. Ní ìlú Nederland, òjò tí wọ́n wọ̀n jẹ́ ínǹṣì 60.58. Ẹ jẹ́ ká fi yé ara wa: òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá kì í tó bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Ní Harris, agbègbè tí Houston wà, omi tó rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin péré tó tírílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù kan.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun yìí ni wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí ló wá dé tó fi pa èèyàn 68? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gómìnà Texas, Greg Abbott, ní kí àwọn ará Houston tètè máa lọ. Olórí ìlú Houston, Sylvester Turner, ní kí wọ́n jókòó sílé wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bú Turner lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ látinú òfìfo. Lọ́dún 2005, nígbà tí ìjì Rita ń bọ̀, ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì, ló bọ́ sí títì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrìn wákàtí mẹ́rin gba odindi ọjọ́ kan, epo tán nínú mọ́tò, oòrùn ń pa wọ́n. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú gbiná, èèyàn 23 jóná mọ́ inú ẹ̀. Àwọn tó kú sójú ọ̀nà lọ́dún náà lé ní 100. Bẹ́ẹ̀, Rita tí wọ́n ń sá fún yà síbòmíràn! Turner ní àwọn kò lè kó mílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀ èèyàn sí títì lẹ́ẹ̀kan náà, pé inú mọ́tò lórí títì tí omi kún ni ikú ti yá jù. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fún wọn? Ìpinnu tó wà láàárín iná àti omi ni.

Ní ti òótọ́, nínú àwọn 68 tó kú ní Texas, omi òjò ló pa gbogbo wọn àfi mẹ́ta. Àwọn tó lé ní ìdajì ni wọ́n kú ní Houston àti àyíká rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n rí pé omi òkun tó ya wọ etí òkun ló pa á. Ìyẹn fi hàn pé níbi tí ìkìlọ̀ ti mú hánhán, tí ọ̀nà sì wà láti lọ, èèyàn gbọ́. Níbi tí òjò ti rọ̀ lé wọn lórí láàárín ilé tiwọn ni wọ́n ti kó sí wàhálà.

Wàhálà náà kò sì jẹ́ ti òjò nìkan. Dáàmù méjì kan wà lápá ìwọ̀ oòrùn Houston, Addicks àti Barker, láti nǹkan bí ọdún 1940 síwájú ni ìjọba ti kọ́ wọn kí omi má baà wọ àárín ìlú. Nígbà tí omi kún wọn dé ọrùn, àwọn sójà onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń mójú tó wọn ṣí i ní òru Ajé, ọjọ́ 28, kí dáàmù má baà ya. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀, tí òjò kò tíì dé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, jí bá omi nínú yàrá. Àwọn tó ń gbé lókè dáàmù náà rí tiwọn, nítorí pé orí ilẹ̀ tí omi dáàmù máa ń tẹ́ sí nígbà tó bá kún ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí. Ọ̀pọ̀ wọn ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn nígbà tí àwọn ń ra ilé. Wọ́n gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ní oṣù kejìlá ọdún 2019, adájọ́ ní ìjọba jẹ̀bi fún àwọn tó wà lápá òkè. Àpapọ̀ ilé tí omi wọ̀ ní agbègbè Harris nìkan lé ní 150,000.

Nígbà ìṣòro ni à ń mọ̀rẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n ní Houston. Àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré fi í ń pẹja tẹ́lẹ̀, ìgbà tó di ọjọ́ yẹn, èèyàn ni wọ́n ń kó. Àwọn mìíràn wọ́ ọkọ̀ wọn láti Louisiana wá láì sí ẹni tó pè wọ́n. Ọkùnrin oníṣòwò àga kan, Jim McIngvale, ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí àwọn tí omi lé kúrò nílé wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì àti àga tuntun tó ń tà. Ọ̀rọ̀ Lakewood ló wá di àríyànjiyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì Joel Osteen, pásítọ̀ tí àwọn èèyàn wa níbí kò yé wo ìwàásù rẹ̀, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó gba èèyàn bíi 16,000. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run tó tóbi tó báyìí kò ṣí fún ẹni tí omi lé. Àwọn tirẹ̀ ní omi fẹ́ wọnú ilé náà ni, pé àwọn kò tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 29, wọ́n gba àwọn tí kò nílé wọlé. Títí di òní, bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ láàárín àwọn ará Houston, ìjà lẹ dá sílẹ̀.

Ní ìdájí Ọjọ́rú, ọjọ́ 30, Harvey, tó ti yọ́ padà sórí òkun, tún gúnlẹ̀ ní Louisiana, kó tó wá kú ikú àkúfà. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé, wọ́n ní wọn kò ní í sọ ìjì kankan ní Harvey mọ́. Harold ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ń ṣe, ẹ wo Galveston, ìlú etí òkun tí kò jìnnà sí Houston. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, 1900, ìjì kan wọ ibẹ̀, èèyàn bíi 8,000 ló kú, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí sátẹ́láìtì nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan mọ̀. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Cuba rí i pé ìjì náà ń lọ sápá Texas. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ní kí ni ará Cuba mọ̀, wọ́n tiẹ̀ dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi wáyà ránṣẹ́, wọ́n ní Florida ni yóò yà sí. Ìgbéraga lásán ni. Láàárín 8,000 tọdún 1900 àti 68 tọdún 2017, ẹ ó rí ohun tí bàálù, kọ̀ǹpútà àti etí tó ń gbọ́ràn lè ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kì í ṣe Ọlọ́run. Ọ̀nà tí ìjì máa gbà ni wọ́n mọ̀ dáadáa, bó ṣe máa le tó ṣì ń já wọn kulẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjì Otis ń lọ sí Acapulco ní Mẹ́síkò. Ìjì lásán ni wọ́n pè é, kọ̀ǹpútà kò rí aburú kankan nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti di ìpele karùn-ún, ó sì wọ ìlú lórí àwọn tó ti lọ sùn. Àsìkò kò tó fún ẹnikẹ́ni láti sá.

Ẹ má rò pé ti àwọn òyìnbó nìkan nìyí o. Àwa kò ní hurricane, ṣùgbọ́n a ní omi. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé àti èèyàn lọ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, àwọn tó kú lé ní 100. Lọ́dún 2017 tí Harvey jà yìí gan-an, ní ọjọ́ 8, oṣù keje, òjò sọ Lẹ́kí àti Victoria Island di ọ̀sà. Lọ́dún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Ọdọọdún ni iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wa, NiMet, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde, tí wọ́n ń dárúkọ ibi tó yẹ kó múra. Ẹ̀yin mélòó lẹ ti kà á rí? Bí wọ́n bá sọ ọ́ lórí rédíò, a ó ní kí wọ́n yí i síbi tí orin wà. A ó tún da ìdọ̀tí sínú gọ́tà, a ó kọ́lé sójú àgbàrá, bí omi bá wá dé, a ó ní ayé ló ń ṣe wá.

Ní Houston, wọ́n ṣọ́ ìjì náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n mọ ọjọ́ tó máa dé, síbẹ̀ ó rí wọn gbé ṣe, nítorí pé ilé wà níbi tí kò yẹ kó wà. Àwa tí kì í tiẹ̀ ṣọ́ nǹkan kan ńkọ́? Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Atẹ́gùn tó ń fì lókè Sàhárà ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bó ṣe wá lọ́dún tó kọjá. Bó bá kọjá lórí wa, kí ẹni tó ní gọ́tà lọ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, kí ẹni tó ní ọmọ ní Houston sì pè é pé, ọmọ mi, ṣé o ti gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ o?